Ẹ̀rín Sàídù ní Aago Mẹ́fà Ààbọ̀

Ní ìlú Wagadúgù, àwọn tí kò mọ ojú Sàídù pọ̀ ju àwọn tó mọ̀ ọ́n lọ, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ẹ̀rín rẹ̀? Láràárọ̀, bí aago bá ti lu mẹ́fà ààbọ̀, kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò kan tí a kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, nítorí orúkọ náà tóbi ju ilé rẹ̀ lọ, ẹ̀rín kan ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀rín àgbàlagbà ni, tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ikùn bí ẹ́ńjìnnì tó ń wá iná, tó gbiná, tó sáré gun òkè, tó sì parí sí ikọ́ díẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn á bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀rín á sì tán lẹ́nu gbogbo ayé.

Ọdún kọkànlá rèé tí ẹ̀rín náà ti wà níbẹ̀. Ẹni tó ni ín ń ta ẹ̀yà alùpùpù ní àdúgbò Tampouy, lẹ́bàá ọ̀nà Ouahigouya: ṣéènì, púlọ́ọ̀gì, bíréèkì, àti díńgí kéékèèké tí àwọn ọmọge fi ń wo ara wọn dípò ọ̀nà. Àdúgbò Bilbalogo nílùú kan náà ni wọ́n bí i sí, lẹ́yìn mọ́sálásí, ní ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta sẹ́yìn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sàídù ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ láyé rẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà wọ́n pè é ní àlejò, wọ́n sì pa adìyẹ fún un. Ní Wagadúgù wọn kì í pa adìyẹ fún un, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pè é ní Tọ́ńtọ́n bí ẹni ń pe àbúrò bàbá, wọ́n á sì bi í léèrè ibi tó ti wá.

"Bilbalogo," á wí.

"Rárá, Tọ́ńtọ́n. Ibi tí ẹ ti wá gan-an."

"Ẹ̀yìn mọ́sálásí Bilbalogo gan-an."

"Ẹ̀yin náà ẹ!"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ènìyàn lè rín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún. Ọdún kọkànlélógójì ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dunni.

Bí ẹ̀rín ṣe dé orí rédíò kò le. Ní ìlú yìí, rédíò kọ̀ọ̀kan ló ní ẹgbẹ́ àwọn olùgbọ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ààrẹ, akọ̀wé, àti akápò tí kò sí nǹkan tó ń pa mọ́. Sàídù ni ààrẹ. Kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó máa ń tẹ rédíò láago láti kí ènìyàn: ó kí ìyàwó rẹ̀, ó kí àwọn mẹkáníìkì Tampouy, ó kí ẹni tó bímọ, ó kí ẹni tó wà ní ọsibítù. Souleymane ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ òwúrọ̀. Ọmọ Mọ́sí ni, ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ pé ó dùn. Lọ́jọ́ kan ó sọ ẹ̀fẹ̀ Sámò kan fún Sàídù lórí fóònù.

Àlàyé kékeré ló kù níbẹ̀. Ní ilẹ̀ yìí, ẹ̀yà méjì lè jẹ́ ìbátan ẹ̀fẹ̀ fún ara wọn; rakiire ni wọ́n ń pè é. Mọ́sí lè pe Sámò ní ẹrú rẹ̀ lójú ọjà, Sámò á ní ọjọ́ wo ni Mọ́sí kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹnu, wọ́n á sì jọ jẹun nínú abọ́ kan. Ẹni tó bá bínú ti jẹ̀bi. Ẹ̀fẹ̀ tí Souleymane sọ lọ́jọ́ náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí Sàídù fi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Agathe, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní rédíò náà, ti gbà á sílẹ̀. Ó gé e, ó fọ̀ ọ́, ó sì gbé e sí ẹnu ọ̀nà ìròyìn. Wọ́n fún Sàídù ní fìlà tí orúkọ rédíò wà lára rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fọ fìlà náà, orúkọ lọ, fìlà kù.

Báyìí ni a ṣe dé ọjọ́ Àtàláátà náà, nínú oṣù tí ooru ń jẹ ènìyàn bí gbèsè.

Alùpùpù kan ti lọ kọ lu kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní Tampouy ní àná rẹ̀. Kò sí ẹni tó kú. Souleymane gbé ọ̀rọ̀ náà lé ẹnu ní òwúrọ̀, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀ náà kéré fún ẹnu náà, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bù sí i.

"Wọ́n ní bíréèkì ló já. Ẹ bi mí léèrè ọwọ́ ẹni tí bíréèkì ti wá. Ọwọ́ Anago! Ìran eku. Ibi tí ọkà bá pọ̀ sí ni wọ́n ń bímọ sí. Eku kì í di onílé, bó ti wù kó pẹ́ tó nínú àká. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kúkú mọ ohun tí a ń fi eku ṣe."

Aago lu mẹ́fà ààbọ̀. Ẹ̀rín Sàídù jáde.

Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ tẹ nǹkan kan. Ẹ̀rọ ni, aago ló ń tẹ̀ lé, kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Anago, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo Wagadúgù gbọ́ ọ pé wọ́n bú Anago ní eku, àgbà Anago kan sì rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Sàídù wà ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, ife kọfí lọ́wọ́. Òun náà gbọ́ ara rẹ̀. Ó gbé ife náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ife náà gbọ́.

(A wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé alùpùpù náà kò ní bíréèkì rárá. Ẹni tó ni ín ti tú u láti ìgbà ààwẹ̀. Ó ní ó ń fa òun sẹ́yìn.)

Ní òwúrọ̀ kejì, wọ́n bá pàkúté eku lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Sàídù, ẹja gbígbẹ nínú rẹ̀. Ẹja náà kò burú. Ológbò àdúgbò jẹ ẹ́. Ní Bilbalogo, níbi tí Ìdíátù ìyàwó rẹ̀ ti ń ta aṣọ, oníbàárà kan yẹ àǹkárá wò títí, ó bi í bóyá òótọ́ ni pé ọkọ rẹ̀ gan-an ló rẹ́rìn-ín. Fáìzàh ọmọ wọn pè láti yunifásítì.

"Papa, wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù. Ẹ̀rín yín wà nídìí ẹ̀. Gbogbo kíláàsì ló ń gbọ́ ọ. Ça fait mal, quoi. Ó ń dunni."

"Má dá wọn lóhùn."

"N ò dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin náà lẹ ń dá wọn lóhùn, Papa, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lójúmọ́."

Àlàájì Kàmíl, tó jẹ́ olórí àwọn Yorùbá ìlú náà, wá fúnra rẹ̀, agbádá rẹ̀ ń gbá eruku Tampouy.

"Sàídù."

"Àlàájì, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó, ẹ wá omi mu."

"N kò jókòó. Wọ́n pè wá ní eku, ìwọ lo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín."

"Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni mo rín in, Àlàájì."

"O ti ń múra sílẹ̀ láti ọjọ́ yẹn nìyẹn."

Àgbà ló sọ ọ́, ó sì dùn, èyí ló burú jù nínú rẹ̀.

Sàídù pe Souleymane. Souleymane gbé e láì jáfara, inú rẹ̀ dùn bí ìgbà gbogbo.

"Tọ́ńtọ́n! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé eré ni. Rakiire ni."

"Láàárín ta ni àti ta ni?"

"Láàárín àwa àti ẹ̀yin."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Souleymane rò ó díẹ̀. "Lọ́jọ́ Àtàláátà."

Kí ni Sàídù wá fẹ́? Kò ní kí wọ́n ti Souleymane mọ́lé. Kò ní kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ìyá rẹ̀. Ohun tó fẹ́ kò ju gbólóhùn kan lọ, láti ẹnu ẹni tí ìlú ń wò lójú, lórí rédíò kan náà, ní wákàtí kan náà: "Ohun tí ó sọ kò dáa, ará ilé wa ni wọ́n." Ó ní tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá sọ òkò lójú ọjà, olóyè ọjà ló yẹ kó sọ fún ayé pé òkò ni, kì í ṣe àgbàdo. Bí olóyè bá dákẹ́, ẹni tó kàn ń kọjá lọ á rò pé àgbàdo ni, á sì ju tirẹ̀ kún un. Nígbà tí gbólóhùn yẹn bá jáde ni ẹ̀rín òun yóò tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn.

Ó bá lọ rí Mẹ́ẹ̀. Ìjọba ló yan ọkùnrin náà láti máa darí àgbègbè. Oyè tí ìwé fún un gùn ju ohun tí ẹnu ọjà lè gbé lọ, ni gbogbo ènìyàn ṣe ń pè é ní Mẹ́ẹ̀, bí àwọn Faransé ṣe ń pe olórí ìlú. Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ènìyàn dáadáa ni. Ó gbẹ́ gọ́tà méjì. Ó máa ń dìde fún àgbà.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Mẹ́ẹ̀ ní òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Rédíò kékeré kan wà lórí tábìlì rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ohùn Souleymane ni.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní òun ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òun kò mọ ohun tó ṣáájú rẹ̀. Olórí kì í dá sí ọ̀rọ̀ tí kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Ìpolówó ọṣẹ ló ṣáájú rẹ̀," ni Sàídù wí.

Mẹ́ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

Lọ́sẹ̀ kan náà ni Bàbá Nasirou kú, àgbàlagbà tó kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà alùpùpù ní Tampouy, tó kọ́ Sàídù níṣẹ́. Wọ́n sin ín lọ́sàn-án, nínú oòrùn. Àwọn Yorùbá pé. Sàídù dúró létí sàréè, ó ń wo ọ̀nà lọ́tùn-ún, ó ń wò ó lósì. Àlàájì Kàmíl bi í bóyá ó ń retí ẹnì kan. Ó ní rárá. Wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n ṣàdúà, wọ́n wá ibi tí òjìji wà.

Lọ́sẹ̀ kẹta, Mẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà ti tutù.

"Tí mo bá tún gbé e dìde báyìí, Tọ́ńtọ́n, èmi ni wọ́n máa ní mo ń dáná."

"Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ó gbóná jù, ẹ ò lè fọwọ́ kàn án. Lọ́sẹ̀ yìí ó ti tutù jù. Ọ̀gá, ọjọ́ wo ló lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí n lè wá lọ́jọ́ náà?"

Mẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín gan-an. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dára, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú.

"Ẹ tẹ́tí sí mi," ó wí nígbà tó nu ojú tán, ohùn rẹ̀ sì ti rẹ̀ díẹ̀. "Àwọn tó fẹ́ràn Souleymane pọ̀. Tí mo bá ní ó ṣe àìdáa, wọ́n á ní Anago ti rà mí. Tí mo bá dákẹ́, ẹ̀yin nìkan lẹ máa bínú, ẹ̀yin ẹ kì í sì í pariwo."

"Òótọ́ ni," ni Sàídù wí. "A ti ń ṣe àṣìṣe yẹn ó pẹ́."

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Mẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè é. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán bí ti ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ tó sọnù.

"Tọ́ńtọ́n, mo ti rí i! Wàhálà ibẹ̀ ni pé Anago kì í ṣe ìbátan ẹ̀fẹ̀ ẹnikẹ́ni nílùú yìí. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́? Tí ẹ bá jẹ́ ìbátan ẹ̀fẹ̀, ohun tí Souleymane sọ á di eré, kò sì ní sí ẹni tó ṣẹ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ní Sátidé tó ń bọ̀, èmi yóò kéde yín. Rakiire! Lábẹ́ ìbòji, pẹ̀lú àga, pẹ̀lú rédíò."

"Ẹ máa kéde rẹ̀ ní Sátidé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti Àtàláátà ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn?"

"D'accord! Ẹ ti lóye mi."

Ó na ìwé kan sí i, ètò ọjọ́ náà, tí wọ́n ti tẹ̀ dáadáa. Sàídù wọ gíláàsì rẹ̀, ó kà á. Aago mẹ́sàn-án: ọ̀rọ̀ Mẹ́ẹ̀. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú: ẹ̀rín Ọ̀gbẹ́ni Sàídù. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta: nǹkan tútù.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún," ni Sàídù wí. "Mẹ́rin péré ni tèmi, àáyá sì ni."

"Ìyókù jẹ́ ti àtẹ́wọ́, Tọ́ńtọ́n. Ẹ kàn rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ, ó parí."

Ìyẹn ni Sàídù gbé dé ilé. Ìdíátù ti gbé tó, ìyẹn òkèlè ọkà bàbà, sílẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó bu ọbẹ̀ kún abọ́ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Fáìzàh, ẹ̀rín tiyín ni. Ẹ lò ó bó ṣe wù yín."

"Ìyá Fáìzàh, má bínú."

"N ò bínú. Mo kàn ń rò ó ni. Títí di ìsinsìnyí, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo lè ní ẹ̀rọ ló rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ọkọ mi. Tó bá di Sátidé, n ò mọ ohun tí mo máa sọ pé mo fi ṣe ọkọ."

"Tí mi ò bá rín in, wọ́n á ní Anago kò gba eré. Wọ́n á ní wọ́n fà wá mọ́ra, a kọ̀."

"Wọ́n á ní i." Ó ti abọ́ sún mọ́ ọn. "Ẹ jẹun. Ebi kì í gbọ́ rédíò."

Kí a má purọ́: Sàídù dán an wò. Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí kò sí oníbàárà, ó dúró níwájú díńgí alùpùpù kan, ó ya ẹnu, ó pe ẹ̀rín náà. Ó rántí ẹ̀fẹ̀ Sámò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ́ńjìnnì wá iná, kò gbà. Ó tún un ṣe. Ikọ́ nìkan ló jáde. Mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì ọ̀nà bi í bóyá kó bá a wá oògùn.

Sátidé dé. Ìbòji wà, àga rọ́bà wà, oòrùn sì wà láì jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sínú ètò. Àwọn Yorùbá jókòó sí apá kan, Àlàájì Kàmíl níwájú, ojú rẹ̀ bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì. Ìdíátù wà lẹ́yìn. Rédíò ń gbé gbogbo rẹ̀ jáde tààrà. Agathe jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò kan pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, etí rẹ̀ nínú agbọ́hùn.

Mẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa àlàáfíà títí àlàáfíà fúnra rẹ̀ fi yán. Ó dárúkọ odò, ó dárúkọ igi, ó dárúkọ àwọn baba ńlá. Ohun kan ṣoṣo tí kò dárúkọ ni ohun tó kó gbogbo wọn jọ síbẹ̀. Ó kéde pé láti òní lọ Anago ti di ìbátan ẹ̀fẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Souleymane gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, aṣọ rẹ̀ funfun.

"Ẹ̀yin ìbátan mi, ẹ̀yin eku, ẹ káàárọ̀ o!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan wo ilẹ̀. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ Sàídù, ó fi ẹ̀rọ náà sí i lọ́wọ́, ó sì fi ìka kan ìwé ètò. "Ẹ̀rín, Tọ́ńtọ́n! Ìlú ń retí."

Sàídù dìde. Èdè Mòré, èdè àwọn Mọ́sí, ló sọ, Mòré Bilbalogo, tí kò ní àbùkù.

"Barka. Ẹ ṣé. Mo ti bá yín gbé fún ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, mo mọ rakiire. Sámò tó ń pe Mọ́sí ní ẹrú, tí Mọ́sí bá kú, òun ló ń kọ́kọ́ dé. Á lọ dùbúlẹ̀ sínú sàréè, á ní òun kò dìde àfi kí wọ́n tu òun lójú. Ọmọ olóòkú á máa sunkún, á tún máa rẹ́rìn-ín. Mo ti rí i tó ìgbà ogún. Ẹnu yẹn ní ẹ̀tọ́ láti bú ènìyàn, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń dé ibi tó nira."

Ó gbé ẹ̀rọ náà sí ọwọ́ kejì.

"Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn a sin Bàbá Nasirou. Gbogbo alùpùpù tó wà níbi yìí ló ti ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró létí sàréè, mo ń wò bóyá ẹnì kan máa wá dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Kò sí. A yára bò ó. Nítorí náà, èyí tí a ń gbọ́ lórí rédíò nìkan, tí kò dé sàréè, ẹ bá mi wá orúkọ mìíràn fún un. Ẹ̀rín tí ẹ kọ sínú ìwé yìí, mo wá a láná. Kò sí lọ́wọ́ mi mọ́."

Ó gbé ẹ̀rọ náà fún Mẹ́ẹ̀, ó jókòó.

Souleymane rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí rédíò kì í sá fún irú èyí. Ó gbé ọwọ́ sókè sí Agathe, ó yí ìka méjì po: gbé e sí i. Nítorí ẹ̀rín náà wà nínú ẹ̀rọ. Wọn kò kúkú nílò ẹni tó ni ín.

Ìka Agathe ti wà lórí bọ́tìnnì. Òun ló gba ẹ̀rín náà sílẹ̀ ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, òun ló fọ̀ ọ́, òun ló jókòó tì í ní ọjọ́ Àtàláátà tó jáde ní ibi tí kò yẹ. Ó wo Souleymane. Ó wo Sàídù. Ó wá gbé ọwọ́ kúrò, ó sì gbé e lé itan, bí obìnrin tó jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Rédíò ń gbé ìdákẹ́jẹ́ náà lọ tààrà, dé Samandin, dé Tampouy, dé inú gbogbo ilé ìtajà tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Gbogbo ojú yí sí Mẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ gbólóhùn kan, ìlú ti ṣí etí, àyè ti ṣófo, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Mẹ́ẹ̀ wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó gbé ẹ̀rọ náà sẹ́nu.

"Oòrùn yìí mú o," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká mu nǹkan tútù."

Wọ́n mu nǹkan tútù. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fi ṣáájú ètò.

Àlàájì Kàmíl bá Sàídù níbi ìgò omi. Ó jókòó tì í láì jẹ́ pé wọ́n fi àga lọ̀ ọ́. "O kò rẹ́rìn-ín," ó wí.

"Rárá, Àlàájì."

"Hùn." Ó mu omi. Láti ẹnu Àlàájì Kàmíl, ìtọrọ àforíjì ni, èyí tó gùn pàápàá.

Ní ọjọ́ Ajé, Agathe wá sí Tampouy láti ra púlọ́ọ̀gì. Púlọ́ọ̀gì alùpùpù rẹ̀ kò ní àìsàn kankan. Sàídù yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì dá a padà fún un.

"Tọ́ńtọ́n, ẹ̀rín yín. Báwo ni kí n ṣe é?"

"Yọ ọ́."

"Kí ni kí n fi sí àyè rẹ̀? Ẹ̀rọ ti fi àáyá mẹ́rin sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ń gba ẹnu Souleymane, ó ń dúró, kí ìròyìn tó wọlé. Tí mo bá ní kí n tún ètò yẹn ṣe, àfi kí ọ̀gá fọwọ́ sí i."

"Ọ̀gá yín máa ń jí ní aago mẹ́fà ààbọ̀?"

Agathe rò ó. "Rárá o."

"Jẹ́ kó ṣófo."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Láràárọ̀, Souleymane á máa sọ̀rọ̀ bọ̀, aago á lu mẹ́fà ààbọ̀, ẹ̀rọ á pa á lẹ́nu mọ́. Kò sí ẹ̀rín. Kò sí nǹkan kan. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, lẹ́yìn náà ìròyìn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àwọn ènìyàn lu rédíò wọn pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n ti mọ̀ pé rédíò wọn kò ṣe nǹkan kan, wọ́n wá ń bi ara wọn ibi tí ẹ̀rín lọ. Àwọn tó mọ̀ sì ń sọ ọ́, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe lè sọ ibi tí ẹ̀rín lọ láì kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n sọ nípa eku. Ní Tampouy, àwọn mẹkáníìkì a máa gbé sípánà dúró nínú afẹ́fẹ́ títí ìdákẹ́jẹ́ á fi kọjá. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Pàkúté kò padà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ológbò ṣì ń wá wò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Mẹ́ẹ̀ pe fóònù Sàídù.

"Tọ́ńtọ́n, kí ló dé tí rédíò ń dákẹ́? Ibi gbogbo tí mo bá dé, òun ni wọ́n ń bi mí. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń dààmú ìlú."

"Ẹ mú un dání, ọ̀gá. Ó fúyẹ́ ju ọ̀rọ̀ lọ."

"Kò ṣeé fi nǹkan sí i ni? Orin ni? Kí ẹ̀yin padà wá rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀rín kò tíì dé. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tó wọ ibẹ̀ rẹ́gí. Mo ti fi aago wọ̀n ọ́n."

Mẹ́ẹ̀ mọ gbólóhùn náà. "Báwo ló ṣe gùn tó?" ó bèèrè níkẹyìn, bí ẹni tó ń bèèrè ìnira abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

"Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Tí ẹ kò bá sáré."

"Mo gbọ́," ni Mẹ́ẹ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kí n rò ó."

"Ẹ rò ó o. Kò sí ẹni tó ń lo àyè náà."

Ní òwúrọ̀ kejì, Sàídù dé ṣọ́ọ̀bù, ó gbé rédíò kọ́ sórí ìṣó, ó bu kọfí. Souleymane ń sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ tó wọ́n. Aago lu mẹ́fà ààbọ̀. Rédíò dákẹ́. Ní òdìkejì ọ̀nà, sípánà dúró. Sàídù kà á lábẹ́ ahọ́n: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn. Ó mu kọfí tó kù, ó tutù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so ṣéènì kọ́ síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.